Ẹni Tó Fẹ́ Ka Ẹ̀kọ́ Ọlọ́run Pọ̀ Mọ́ Ìtọ́jú Ọkàn

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn òbí àti ọ̀dọ́ Yorùbá sọ ní gbọ̀ngàn ìjọ kan ní Kubwa, Àbújá. Mo ti yọ ibi tí jẹnẹrétọ̀ ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi kúrò, mo sì fi ìbéèrè méjì sí ìparí.

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin àgbà. Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin ọmọ wa. Mo rí àwọn tó wá láti Lugbe, mo rí àwọn ará Nyanya tí wọ́n ti fojú winá súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, mo sì rí Àlàájì wa níwájú níbí tí wọ́n ti gbé àga wọn sábẹ́ fáànù. Ẹ ṣeun tí ẹ wá.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ tún orúkọ ara mi ṣe. Ní àdúgbò tí mò ń gbé, "dókítà wèrè" ni wọ́n ń pè mí. Ọmọdé kan ló pè mí bẹ́ẹ̀ lójú mi, ìyá rẹ̀ gbá a létí, mo ní kó fi ọmọ sílẹ̀, torí mo mọ ẹni tó ti gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. Orúkọ náà ò dùn mí, àmọ́ kì í ṣe tèmi. Ẹni tó ń kọ oògùn fún aláìsàn ọpọlọ, dókítà oníṣègùn ni. Ó ti kọ́kọ́ ka ìṣègùn kó tó lọ kọ́ ti ọpọlọ. Èmi kì í kọ oògùn. Tèmi ni kí n jókòó ti ènìyàn, kí n fi ìbéèrè àti ìdánwò wádìí ohun tó ń ṣe é, kí n sì bá a ṣiṣẹ́ lé e lórí lọ́sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Clinical psychology ni wọ́n ń pè é nílé ìwé. Sàìkọ́lọ́jì ni n ó máa pè é lónìí kí ọ̀rọ̀ má bàa gùn. Nígbà tí Lightner Witmer, onísàìkọ́lọ́jì ará Amẹ́ríkà, ṣí ilé ìtọ́jú àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Yunifásítì Pennsylvania lọ́dún 1896, ọmọ tí kò mọ sípẹ́lì kọ ló kọ́kọ́ tọ́jú níbẹ̀. Wèrè kankan ò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Ìdí tí wọ́n fi pè mí ni pé ọmọ mẹ́ta nínú ìjọ yìí ló lọ bá pásítọ̀ láàárín oṣù kan, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sọ pé òun fẹ́ jẹ́ òjíṣẹ́ Ọlọ́run, òun sì tún fẹ́ jẹ́ sàìkọ́lọ́jísìtì. Wọ́n fẹ́ mọ ohun tí ilé ìwé máa béèrè. Ìbéèrè gidi ni. Mo mọ̀ ọ́n torí pé èmi náà béèrè rẹ̀, mo sì béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí kò yẹ.

Ẹ̀kọ́ Ọlọ́run ni mo kọ́kọ́ kà. Ọdún mẹ́rin ni mo lò ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn òjíṣẹ́ kan lókè Pláátò. Mo kọ́ Gíríìkì, mo kọ́ Hébérù tí mo ti gbàgbé ìlàjì rẹ̀. Nígbà tí mo ṣe tán, wọ́n ní kí n máa lọ bá àwọn aláìsàn gbàdúrà ní ilé ìwòsàn. Oṣù díẹ̀ tí mo débẹ̀, mo ti rí i pé mo mọ àdúrà gbà, mi ò mọ bí wọ́n ti ń gbọ́ ènìyàn. Aláìsàn á bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, èmi á sì ti máa wá ẹsẹ Bíbélì tí n ó fi dá a lóhùn kó tó sọ ọ́ tán. Mo bá pinnu pé n ó lọ gba oyè másítà nínú sàìkọ́lọ́jì. Ọkùnrin kan tó máa ń bá ènìyàn ṣètò ìgbàwọlé gba owó lọ́wọ́ mi, ó ní ìwé ẹ̀rí tí mo ní ti tó, ó ní ta ni yóò kọ ẹni Ọlọ́run.

Mo dé ọ́fíìsì ilé ìwé náà. Akọ̀wé tó wà níbẹ̀ ń jẹ ẹ̀pà. Ó gba ìwé mi, ó wò ó, ó yí i padà, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀ bí ẹni pé ó kù nǹkan kan níbẹ̀. Ó ní, "Àǹtí, sàìkọ́lọ́jì tí ẹ kọ́kọ́ kà dà?" Mi ò ní in. Ó tẹ ìwé náà pẹlẹbẹ, ó gbọn èèpo ẹ̀pà kúrò lórí rẹ̀, ó dá a padà fún mi. Mo sunkún dé ibùdókọ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi bínú sí ọkùnrin yẹn kí n tó rí i pé, nínú gbogbo àwọn tí mo bá pàdé lọ́dún náà, òun nìkan ló sọ òótọ́ fún mi.

Torí náà, ẹ fetí sí ibí yìí, owó ẹlòmíràn ti bá a lọ. Oyè àkọ́kọ́ nínú ẹ̀kọ́ Ọlọ́run kì í ṣí ilẹ̀kùn másítà sàìkọ́lọ́jì fún ènìyàn. Oyè àkọ́kọ́ nínú sàìkọ́lọ́jì gan-an ni wọ́n máa béèrè. Ti ẹ̀kọ́ Ọlọ́run rọrùn ju bẹ́ẹ̀ lọ: oyè másítà tí wọ́n ń pè ní M.Div., ẹni tó ka ìṣirò owó lè ṣe é, ẹni tó ka iṣẹ́ àgbẹ̀ lè ṣe é, wọn ò ní kó lọ tún yunifásítì lọ. Bí ọmọ yín bá fẹ́ méjèèjì, sàìkọ́lọ́jì ni kó fi ṣíwájú. Mo ti dé ọmọ ọdún 29 kí n tó mọ èyí. Mo padà sí kíláàsì àkọ́kọ́ ní yunifásítì pẹ̀lú àwọn ọmọ ọdún 17 tí wọ́n ń pè mí ní Mọ́mì, tí wọ́n sì ń da nóòtì mi kọ.

Kí ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀? Bí ọmọ ṣe ń dàgbà, bí ọpọlọ ṣe ń ṣiṣẹ́, ohun tó ń mú ìrònú ènìyàn dàrú, bí a ti ń ṣe ìwádìí, àti ìṣirò. Ìṣirò yìí ló ń lé àwọn ọmọ wa. Wọ́n á ní, "Mọ́mì, mo fẹ́ ran ènìyàn lọ́wọ́ ni, kí ni mo fẹ́ fi statistics ṣe?" Ẹ jẹ́ kí n dá wọn lóhùn níwájú gbogbo yín. Ká ní mo gbàdúrà fún ènìyàn mẹ́wàá tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ń bá jà, lẹ́yìn oṣù mẹ́fà ara méje yá. Mo lè gun orí pẹpẹ kí n jẹ́rìí. Àmọ́ ẹ bi mí pé mélòó nínú ẹni mẹ́wàá tí ẹnikẹ́ni ò gbàdúrà fún ni ara wọn yá láàárín oṣù mẹ́fà yẹn náà. Bí mi ò bá mọ̀, mi ò tíì mọ nǹkan kan. Ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi ẹni tó ní ọ̀nà ìtọ́jú tuntun, bó ti wù kó gbọ́n tó. Àìgbàgbọ́ kọ́ nìyẹn. Ẹni tí ò lè bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè yẹn, ẹ má fi aláìsàn yín lé e lọ́wọ́.

Ẹ̀ka sàìkọ́lọ́jì wà ní Yunifásítì Jos, ó wà ní yunifásítì ìpínlẹ̀ Nasarawa ní Keffi tí kò jìnnà síbí, ó sì wà ní Ìbàdàn. Ti ẹ̀kọ́ Ọlọ́run, TCNN (Theological College of Northern Nigeria) wà ní Bukuru, ilé ẹ̀kọ́ ìjọ ECWA wà ní Jos, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn Onítẹ̀bọmi ti dá tiwọn sílẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ láti 1898. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò ọdún. Ọmọ tó wọlé ní ọmọ ọdún 18 máa lo ọdún mẹ́rin, yóò sin ilẹ̀ bàbá rẹ̀ (NYSC) fún ọdún kan, yóò lo nǹkan bí ọdún méjì nídìí másítà, mẹ́ta nídìí M.Div. Ó ti di ẹni ọdún 28 nìyẹn, kò sì tíì gbọ́rọ̀ oyè dókítà. Mi ò ka ìyanṣẹ́lódì mọ́ ọn. Ẹ̀yin òbí tó ti ń wá ìyàwó tàbí ọkọ fún un, ẹ ní sùúrù.

Àmọ́ ọdún kọ́ ló ṣòro jù. Bẹ́ẹ̀ ni ìwé kíkà kọ́. Ẹ̀yin tí ẹ kọ́ṣẹ́ télọ̀, tí ẹ kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì, ẹ mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Ọmọ iṣẹ́ lè mọ aṣọ gé ju ọ̀gá rẹ̀ lọ, bí wọn ò bá tíì ṣe fírídọ̀mù fún un, aṣọ oníbàárà ò ní wà lọ́wọ́ rẹ̀ kí ọ̀gá má yọjú wò ó. Iṣẹ́ wa náà ní ọ̀gá. Ẹ ò lè gba oyè náà láìjẹ́ pé ẹ tọ́jú aláìsàn lábẹ́ ojú ẹni tó ti mọ̀ ọ́n. Ní Amẹ́ríkà, lẹ́yìn wákàtí tí akẹ́kọ̀ọ́ ti lò lábẹ́ ọ̀gá lọ́dún dé ọdún, yóò tún lo ọdún kan gbáko lẹ́nu iṣẹ́ kí wọ́n tó fún un lóyè, nǹkan bí wákàtí 2,000. Àwọn òjíṣẹ́ tó ń kọ́ ìtọ́jú aláìsàn ní ilé ìwòsàn náà ní tiwọn: wákàtí 400 ni ìpele kan ṣoṣo.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí wákàtí wọ̀nyí jọ fún yín.

Ìgbà tí mò ń kọ́ṣẹ́ ní Kàdúná, wọ́n fún mi ní ọkùnrin kan. Rògbòdìyàn ọdún 2000 ni àbúrò rẹ̀ kú sí. Òun àti àbúrò náà jọ sá ni. Òun gba ọ̀tún, àbúrò gba òsì. Láti ọjọ́ náà, kì í sùn. A máa ń fi kásẹ́ẹ̀tì gba ohùn wa sílẹ̀, aláìsàn ti fọwọ́ sí i, torí kí ọ̀gá lè gbọ́ ọ. Ọ̀gá mi, ìyá kan ará Pláátò ni, kì í pariwo, ṣùgbọ́n gbogbo wa ń bẹ̀rù rẹ̀. A jókòó, ó tẹ kásẹ́ẹ̀tì. Ẹ máa gbọ́ ohùn ọkùnrin náà tó ní, "Àǹtí, kí ló dé tí Ọlọ́run fi yọ mí, tí kò yọ òun?" Ẹ máa gbọ́ fáànù. Lẹ́yìn náà ohùn tèmi, kò pé ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta: "Ohun gbogbo ń ṣiṣẹ́ pọ̀ sí rere fún àwọn tó fẹ́ Ọlọ́run." Ọkùnrin náà ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà." Kò sọ nǹkan kan mọ́ títí àkókò fi pé.

Ọ̀gá mi dá kásẹ́ẹ̀tì dúró. Ó yí i padà sẹ́yìn, ó tún tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ṣe bẹ́ẹ̀. Ó wá bi mí pé, "Ta lò ń tù nínú níbẹ̀ yẹn, òun ni àbí ìwọ?"

Mo ní òun ni. Ó ní kí n tún un gbọ́.

Èmi ni. Ìbéèrè rẹ̀ bà mí lẹ́rù, mo sì fi Róòmù orí kẹjọ dí ihò náà. Ẹsẹ Bíbélì náà ò ní àbùkù, èmi ni mo sá sẹ́yìn rẹ̀. Ìyá yìí kì í ṣe aláìgbàgbọ́ o. Díákónì ni nínú ìjọ rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, obìnrin mìíràn sọ fún mi pé òun ti ṣẹ́yún nígbà kan, òun ò mọ̀ bóyá Ọlọ́run lè dárí ji òun. Mo ti gbọ́n, mo fún un ní fọ́ọ̀mù kan kó fi kọ bó ṣe ń sùn àti bó ṣe ń jẹun. Ọ̀gá mi tún dá kásẹ́ẹ̀tì dúró. Ó ní, "Ní báyìí, ẹ̀yìn sàìkọ́lọ́jì lo sá sí."

Ìdí tí ẹ̀kọ́ méjèèjì fi le láti kà pa pọ̀ nìyẹn. Ẹni tó ní ilé kan, bí ẹ̀rù bá bà á, kò ní ibi tí yóò sá lọ. Ẹni tó ní méjì máa ń rí ẹ̀yìnkùlé sá gbà. Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí le, ó sá lọ sídìí fọ́ọ̀mù; ọ̀rọ̀ àìsàn le, ó sá lọ sídìí àdúrà. Gbogbo wákàtí tí wọ́n ń kà fún akẹ́kọ̀ọ́ yẹn, kí ẹnìkan lè wà níbẹ̀ tí yóò máa rí i nígbà tó bá ń sá ni.

Rosemead, ilé ẹ̀kọ́ kan ní California, tiẹ̀ máa ń ní kí akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ lọ jókòó gba ìtọ́jú lọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Mo rí i pé ẹ ń rẹ́rìn-ín. Àwọn ọkùnrin ló ń rẹ́rìn-ín jù.

Àmọ́, ṣé ó yẹ kí onísàìkọ́lọ́jì tiẹ̀ kọ́ ẹ̀kọ́ Ọlọ́run rárá? Ẹlòmíràn á ní kí kálukú dúró sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Mo gbà pẹ̀lú wọn títí mo fi lo MMPI, ìdánwò kan tí a fi ń wádìí ọkàn ènìyàn, ní àríwá yìí. Ní Minnesota ni wọ́n ti ṣe é, ó jáde lọ́dún 1943. Èyí tí wọ́n tún ṣe lọ́dún 1989 ní ìbéèrè 567. Ó wà nínú rẹ̀ ohun tó ń wádìí bóyá ẹ̀mí àìmọ́ ń dà ènìyàn láàmú. Ní Minnesota, ẹni tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀ pé kí wọ́n kíyè sí i. Ẹ wá gbé e dé Kàdúná. Ẹ bi ọmọ ìjọ mi, ẹ bi mọ̀lẹ́bí Àlàájì, ẹ bi obìnrin Gbagyi tó ń ta iṣu ní ẹnu ọ̀nà yẹn. Ta ni yóò sọ pé rárá? Bí mi ò bá mọ ohun tí ìjọ ẹni náà ń kọ́ ọ nípa ẹ̀mí àìmọ́, báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹni tó gba ohun tí gbogbo ilé rẹ̀ gbà gbọ́ àti ẹni tó ń gbọ́ ohùn tí ẹnikẹ́ni nínú ilé náà ò gbọ́ rí?

Ìyá àgbà kan wá láti Kàbbà, ọmọ rẹ̀ ló ń gbé ní Gwarinpa. Ó ní ọdẹ wà lórí òun. Nǹkan ń rìn ní àgbárí rẹ̀ bí èèrà, etí rẹ̀ ń hó, àyà rẹ̀ ń já. Ọmọ rẹ̀ ti gbé e lọ ya àwòrán orí lẹ́ẹ̀mejì, wọn ò rí nǹkan kan. Wọ́n ní kò ní àìsàn. Ọmọ gbà á gbọ́, ìyá ò gbà á gbọ́, ó bínú wá. Ẹ̀yin àgbà, ẹ mọ ọdẹ orí. Àwọn dókítà ọpọlọ ilẹ̀ wa ti kọ̀wé nípa rẹ̀. Ìdààmú ọkàn àti ìrẹ̀wẹ̀sì ló sábà máa ń gba ọ̀nà yẹn wọlé sí ara wa. Ìgbà tí mo bi ìyá náà pé, "Ìgbà wo ni ọdẹ yìí kọ́kọ́ débẹ̀, mà?" ó dákẹ́, ó ká etí ìborùn rẹ̀ mọ́ ìka, ó ní, "Ọjọ́ kejì tí wọ́n sin bàbá wọn." Ọdún méje sẹ́yìn nìyẹn, kò sì tíì sunkún, torí ìjọ rẹ̀ sọ fún un pé onígbàgbọ́ kì í sunkún bí aláìnírètí. Ṣé ẹ rí i? Sàìkọ́lọ́jì ló sọ fún mi pé ìbànújẹ́ lè di èèrà ní àgbárí. Àmọ́ ẹ̀kọ́ Ọlọ́run ló jẹ́ kí n lè bá a jíròrò ẹsẹ tí wọ́n fi dí ojú omijé rẹ̀. Pọ́ọ̀lù ò sọ pé ká má sunkún. Jésù fúnra rẹ̀ sunkún níbi ibojì Lásárù.

Àwọn òyìnbó náà ti rí i pé ó yẹ kí àyè wà fún irú èyí. Ìwé DSM tí wọ́n fi ń dárúkọ àìsàn ọpọlọ ní Amẹ́ríkà, ẹ̀dà kẹrin rẹ̀ tó jáde ní 1994 ló yà ìlà kan sọ́tọ̀ fún ìṣòro ẹ̀sìn tàbí ti ẹ̀mí, láìpè é ní àìsàn. Ìlà yẹn ló jẹ́ kí n lè kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìgbàgbọ́ ènìyàn ń mì, kí n má sọ pé orí rẹ̀ ti yí.

Ẹni tí mo fẹ́ràn jù nínú ìtàn iṣẹ́ yìí ni Anton Boisen. Òjíṣẹ́ Ọlọ́run ni. Lọ́dún 1920, orí rẹ̀ dàrú, wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ọpọlọ. Ara rẹ̀ yá, ó sì padà sí irú ilé ìwòsàn bẹ́ẹ̀, ní Worcester ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, ṣùgbọ́n gẹ́gẹ́ bí àlùfáà wọn. Ní 1925 ló kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀kọ́ Ọlọ́run wá síbẹ̀ pé kí wọ́n fi aláìsàn kọ́ ẹ̀kọ́ bí wọ́n ti ń fi ìwé kọ́ ọ. Wákàtí 400 tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ibẹ̀ ló ti ṣẹ̀. A máa ń sọ pé wèrè tó bá ti wọjà kò ṣeé wò mọ́. Boisen wọjà, ó jáde, ó sì ṣí ṣọ́ọ̀bù.

Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n lẹ́yìn ìyẹn, ní 1954, Adéoyè Lámbò, dókítà ọpọlọ ọmọ ilẹ̀ wa, ṣe nǹkan tó jọ ọ́ ní Aro, Abẹ́òkúta: ó fi aláìsàn sínú abúlé pẹ̀lú ẹbí wọn, ó sì fún àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ní àyè lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀. Wọn ò kọ́ wa ní ìtàn yẹn dáadáa ní yunifásítì, ó sì yẹ kí ojú tì wá.

Ibi tí wọ́n ti so méjèèjì pọ̀ sínú oyè kan ni ẹ fẹ́ gbọ́. Amẹ́ríkà ni ọ̀pọ̀ wọn wà. Fuller, ilé ẹ̀kọ́ àwọn òjíṣẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Pasadena lọ́dún 1947, ṣí ẹ̀ka sàìkọ́lọ́jì láàárín ọdún 1960 sí 1970. Rosemead bẹ̀rẹ̀ ní 1968, ó sì di ara Yunifásítì Biola ní 1977. Wheaton ní Illinois àti George Fox ní Oregon náà ní in. Oríṣi oyè dókítà méjì ni ẹ máa bá níbẹ̀. PhD ti pẹ́. Láti ìpàdé kan tí wọ́n ṣe ní Boulder lọ́dún 1949 ni wọ́n ti ní kí ẹni tó bá gbà á mọ ìwádìí ṣe, kó sì mọ ìtọ́jú. PsyD dé lẹ́yìn, ìpàdé Vail ti 1973 ló fún un lágbára, iṣẹ́ ìtọ́jú ló sì tẹ̀ sí jù. PsyD á gbà tó ọdún márùn-ún, PhD á gbà tó mẹ́fà. Nínú méjèèjì, ìwádìí àkọsílẹ̀ wà, ìdánwò àgbà wà, ọdún kan lẹ́nu iṣẹ́ wà, ẹ̀kọ́ Bíbélì àti ìtàn ìjọ sì wà láàárín wọn. Wọ́n lè ní kí o mú lẹ́tà pásítọ̀ rẹ wá, kí o sì kọ bí ìgbàgbọ́ rẹ ṣe rìn. Ẹ má ṣe jẹ́ kí AI bá yín kọ ọ́ o, ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n ń mọ̀. Lẹ́yìn oyè, ìdánwò ìwé àṣẹ tún wà níwájú, EPPP, ìbéèrè 225.

Owó rẹ̀ pọ̀. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí ilé ìwé ò lè kọ́ yín tán, pàápàá àwa tí a jẹ́ àlejò níbí. Yorùbá Àbújá ò pọ̀ tó bí ẹ ṣe rò. Obìnrin kan tí a jọ ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin wá bá mi lẹ́yìn ìsìn, ó ní òun fẹ́ máa wá sọ́fíìsì mi. Mo ní rárá. Ojú rẹ̀ yí padà. Mo ṣàlàyé fún un: ìlànà iṣẹ́ wa ní ká má tọ́jú ẹni tí a jọ ní àjọṣe mìíràn, torí lọ́jọ́ tí mo bá mọ ohun tó wà láàárín òun àti ọkọ rẹ̀, báwo ni mo ṣe fẹ́ jókòó ti ọkọ náà nídìí àsè? Mo fi í lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Oṣù mẹ́rin ni kò fi kí mi. Pásítọ̀ ò lè ṣe bẹ́ẹ̀, ẹnu ọ̀nà pásítọ̀ ṣí sílẹ̀ fún gbogbo agbo. Torí náà, ẹ̀yin ọmọ, bí ẹ bá gba oyè méjèèjì, ẹ máa pinnu lójoojúmọ́ fìlà èwo lẹ dé, kí ẹni tó wà níwájú yín sì mọ̀ ọ́n.

Kí n tó jókòó: oṣù kẹsàn-án ọdún 2019, ọlọ́pàá tú ènìyàn tó lé ní 300 sílẹ̀ ní Rigasa, ní Kàdúná, nínú ilé kan tí wọ́n pè ní ilé ìwé ẹ̀sìn Islam. Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn. Kristẹni kankan kò gbọdọ̀ mi orí níbí, mo ti rí irú irin kan náà lórí òkè àdúrà. Oṣù kìíní ọdún 2023 ni ààrẹ Buhari fọwọ́ sí òfin ìlera ọpọlọ tó rọ́pò òfin wèrè àtijọ́. Òfin ti wà. Àwọn tó mọ Ìwé Mímọ́ dáadáa tó láti dúró níwájú wòlíì tàbí mọ́láàmù kí wọ́n sì sọ fún un pé kó tú ènìyàn sílẹ̀, tí wọ́n sì mọ ìtọ́jú tó tẹ̀ lé e, wọn ò pọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà láti wá síbí lọ́jọ́ Sátidé.

Àlàájì ló kọ́kọ́ béèrè. Wọ́n ní, "Mọ́mì, gbogbo èyí tí ẹ sọ, ti ṣọ́ọ̀ṣì ni. Àwọn ọmọ tiwa ńkọ́?" Mo ní wọ́n ti ṣíwájú wa. Abu Zayd al-Balkhi, onímọ̀ Mùsùlùmí tó kú lọ́dún 934, ti kọ̀wé nípa bí ìbànújẹ́, ìbẹ̀rù àti ìbínú ṣe ń ṣe ọkàn, ó sì sọ pé bí ara ṣe ń ṣàìsàn ni ọkàn náà ń ṣe. Ọ̀nà kan náà ni ọmọ wọn máa gbà: sàìkọ́lọ́jì ní yunifásítì, lẹ́yìn náà ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn Islam lọ́dọ̀ àwọn tó mọ̀ ọ́n. Ọ̀gá tí yóò máa gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ni kó wá dáadáa. Àlàájì ní ọmọbìnrin wọn kan wà ní Keffi, ọdún kejì. Mo gba nọ́ńbà rẹ̀.

Ọmọkùnrin kan tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ewé ló béèrè ìkẹ́yìn, kò dìde. Ó ní òun ti san ìlàjì owó ẹ̀kọ́ oṣù mẹ́fà kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n ní bó bá parí, wọ́n á máa pè é ní Dókítà nínú ìmọ̀ràn àti ẹ̀kọ́ Ọlọ́run. Mo ní kó gbé fóònù rẹ̀ wá. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ gàdàgbà pé ìjọba àgbáyé ti fọwọ́ sí ilé ẹ̀kọ́ náà. A wá ẹgbẹ́ tó fọwọ́ sí i. Àdírẹ́ẹ̀sì ẹgbẹ́ náà àti ti ilé ẹ̀kọ́ jẹ́ ọ̀kan náà, nọ́ńbà ilé kan náà. Mo bi í pé aláìsàn mélòó ló máa tọ́jú lábẹ́ ojú ọ̀gá kí wọ́n tó fún un lóyè. Ó ní wọn ò sọ̀rọ̀ aláìsàn.

Ó bi mí bóyá wọ́n á dá owó rẹ̀ padà. Mo ní mi ò rò bẹ́ẹ̀. Mo ní kó wá bá mi lọ́jọ́ Mọ́ńdè, aago mẹ́jọ, kó mú èsì WAEC rẹ̀ dání, ká wò ó bóyá ó ní kírẹ́díìtì nínú ìṣirò.